Ojú ibi tó ti ṣẹ́

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún gírísì.

Ọ̀pá mẹ́fà ni mo fi ẹ̀rọ fà títí wọ́n fi já lónìí. Alumíníọ̀mù ni wọ́n, fọ́nrán kábọ́ọ̀nù, okùn tín-ín-rín, ló wà nínú wọn láti orí dé ìdí. Mẹ́ta jẹ́ èyí tí a kọ́kọ́ dà. Mẹ́ta yòókù ni a dà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn! Alumíníọ̀mù ti yọ́ tán, a ti ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọ àárín àwọn fọ́nrán, ni gbogbo ilé bá ṣókùnkùn. A fa jẹnẹrétọ̀ títí, kò dáhùn. Kí iná tó dé, gbogbo rẹ̀ ti dì, kò sì tíì dé ìsàlẹ̀ mọ́ọ̀lù, ohun tí a ń dà á sí. Bàbá tó ń bójú tó lábù wò ó, wọ́n ní, "Dà á nù, ọmọ mi." Mo ní, "Ẹ má bínú sà, fọ́nrán yẹn gbówó lórí." A tún un yọ́, a tún un tẹ̀. Owó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ohun tó wá dùn mí ni pé ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni mo gbójú lé. Nígbà tí mo fi maikirosíkópù wò ó, mi ò rí àlàfo kankan láàárín fọ́nrán àti alumíníọ̀mù, wọ́n lẹ̀ mọ́ra pinpin. Mo tiẹ̀ ti ń fọ́nnu fún ẹni tó jókòó tì mí.

Ẹ̀rọ ò bá mi fọ́nnu. Àwọn ti àkọ́kọ́ gbé ẹrù púpọ̀ kí wọ́n tó já, ojú ibi tí wọ́n ti já sì rí gbágungbàgun bí irùngbọ̀n tí a kò fá fún ọjọ́ mẹ́ta: fọ́nrán yọ síta níhìn-ín, ihò kékeré ṣẹ́ kù lọ́hùn-ún níbi tí òmíràn ti fà yọ. Ti ẹ̀ẹ̀kejì tètè ṣẹ́, gbogbo wọn pẹrẹsẹ, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì.

Mo ti mọ ìdí rẹ̀ láti inú ìwé, àmọ́ ojú mi ò tíì rí i rí. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ ní 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí kábọ́ọ̀nù bá pẹ́ jù nínú alumíníọ̀mù tó ti yọ́, bí ìgbà tí a tún un yọ́ yìí, àwọn méjèèjì á di nǹkan mìíràn, alumíníọ̀mù káábáídì, tó máa ń hù sára fọ́nrán ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó máa ń tètè sán. Bó bá sì ti sán, sísán náà á gba inú fọ́nrán kọjá tààrà, nítorí kò sí ohun tó máa yà á lọ́nà. Níbi tí ìlẹ̀mọ́ra bá mọ níwọ̀n, sísán tó dé ẹ̀gbẹ́ fọ́nrán á yà, á máa bá ẹ̀gbẹ́ náà lọ. Fọ́nrán á máa fà yọ díẹ̀díẹ̀, agbára ni yóò sì ná ẹni tó ń fà á. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fẹ́ fi èyí wàásù níbi ìgbéyàwó. Ẹ fi mí sílẹ̀.)

Ìṣirò kan wà lára ògiri yàrá mi láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Líle alumíníọ̀mù, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti nà, jẹ́ 70 lórí ìwọ̀n gigapascal, ti fọ́nrán tí à ń lò jẹ́ 230. Bí fọ́nrán bá kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 118 tí a bá fà á ní òòró. Ìṣirò yìí ò purọ́ o: ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ sí í nà bákan náà gẹ́lẹ́. Ìgbà tí wọ́n máa já ni kò sọ fún mi. Àṣé mo ti ń ka líle sí agbára láti gbé ẹrù láìjá, látọjọ́ yìí wá.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi mẹkáníìkì láti ròyìn. Mo sọ fún wọn pé ní 1983 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́nrán sẹ̀rámíìkì sí ibi tí rìńgì òkè ń jókòó sí lára písítìn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan, ibẹ̀ nìkan ni, kì í ṣe gbogbo písítìn. Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́n?" Mo bá ya sí ọ̀rọ̀ awò ojú ọ̀run Hubble, tí wọ́n gbé lọ sófuurufú ní 1990. Ọ̀pá tó gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn tó mítà 3.6, alumíníọ̀mù àti fọ́nrán gíráfáítì, irú kábọ́ọ̀nù kan, ni. Oòrùn á pa á, ó tún di òkùnkùn, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 95 fún yíyípo kan. Alumíníọ̀mù nìkan ìbá máa fẹ̀ kó sì máa sún kì, àmọ́ fọ́nrán náà kì í fẹ̀ tí ooru bá mú un. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa, kí wọ́n tó béèrè bóyá mo ti jẹun.

Kí n tó kúrò ní lábù, mo ju ààbọ̀ ọ̀pá kan nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì sínú ife omi, mo gbé e sójú fèrèsé. Tí káábáídì bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, omi á máa bà á jẹ́, afẹ́fẹ́ mítéènì á sì máa hó jáde díẹ̀díẹ̀. Bàbá bi mí bóyá tíì ni mo fẹ́ fi pò. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má dà á nù di àárọ̀.