Fìlà Tó Mú Mi Jẹ́wọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ọpọlọ ló bẹ̀ mí. Ó ní àwọn ń wá ẹni tí àwọn máa fi ẹ̀rọ ká ìgbì iná ọpọlọ rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora. Ó ní kí n ṣáà fọ irun mi, kí n má fi ìpara kankan sí i. Mo fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé irun gbígbẹ hánhán ni mo fẹ́ gbé jáde ni? Mo fi ìpara díẹ̀ báyìí pa á. Nígbà tí ọ̀gá wọn obìnrin fọwọ́ kan orí mi, ó wo ọwọ́ ẹ̀, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Inú balùwẹ̀ ni mo bá ara mi, tí mò ń fọṣẹ forí lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n dé fìlà kan fún mi, ó fún mọ́ mi lórí pinpin, ojú ihò 32 ló wà lára ẹ̀, wáyà sì wà lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi mú síríńjì tí ẹnu ẹ̀ kú, ó ń rọ jẹ́ẹ̀lì tútù sínú ihò wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹnu síríńjì ha mí lórí, ó sì ń pìtàn. Ó ní Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ká ìgbì ọpọlọ èèyàn, ní 1924. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń ṣe ológun, ẹṣin gbé e ṣubú, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ ìbọn ńlá tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin tó wà nílé lọ́hùn-ún ní ara òun ò lélẹ̀ lórí ẹ̀, ni bàbá wọn bá tẹ wáyà sí i. Ni Berger bá gbà pé ọkàn lè bá ọkàn sọ̀rọ̀ láìlanu. Ohun tó ń wá kiri nínú agbárí èèyàn nìyẹn.

Àyà mi já. Ṣé ẹ̀rọ yìí ń ka inú ni?

Torí mo ní ohun tí mò ń fi pa mọ́. Èmi ni mo fìdí jókòó lé fóònù ọ̀rẹ́ mi yìí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí ojú ẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Mo rọra da ojú ẹ̀ dé orí tábìlì, mo bá tèmi lọ. Àbúrò ẹ̀ ló ru ẹ̀bi.

Wọ́n ní "pín" á máa dún létí mi. Tí mo bá gbọ́ "pọ́ọ̀n", kí n tẹ bọ́tìnnì. Kí n má mira, kí n má máa ṣẹ́jú. Ta ló ń gbọ́ pọ́ọ̀n? Ohun tí mò ń sọ fún ọpọlọ mi ò ju, "má ronú kan fóònù." Fóònù, fóònù, fóònù. Mo di eyín pọ̀ gírígírí.

Ohùn ọ̀gá wọn bá gba inú gbohùngbohùn wọlé: "A ń rí gbogbo ẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀."

Mo figbe ta: "Èmi ni mo fọ́ ọ! Àbúrò ẹ̀ ò mọ nǹkan kan!"

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọ̀rẹ́ mi wá ní, "Kí lo fọ́?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lobìnrin náà ń sọ o. Iná ọpọlọ kéré débi pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; téèyàn bá di eyín, iná iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí mi: ìlà tó ń lọ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tó o bá dijú, a máa rí ìgbì tó ń fì bíi 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó o bá sùn, a máa rí i. Ohun tó ò ń rò, a ò lè rí i." Ó rọra ń sọ ọ́ ni, ojú ẹ̀ ò kúrò lára mi.

A tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn mi, oorun gbé mi lọ. Wọ́n rí ìyẹn náà.

Níbi tí mo ti ń ṣan jẹ́ẹ̀lì kúrò lórí, ọ̀rẹ́ mi na tówẹ́ẹ̀lì sí mi. Mo dì í mú, kò fi í sílẹ̀.

"Ṣé kò sí òmíràn?"

Mo rántí agboòrùn ẹ̀. Àmọ́ fìlà ti kúrò lórí mi.

Mo ní, "Rárá o."