Másítà ti parí, ẹ jẹ́ n sùn ná

Ẹ̀yin tèmi, mo ti dúró níwájú ìgbìmọ̀, mo ti ṣe difẹ́ǹsì másítà mi nínú orin kíkọ tán o. Wọ́n ní kí n tún ibi díẹ̀ ṣe, mo tún un ṣe, mo gbé e fún àwọn tó ń báíńdì, mo kó ẹ̀dà tí wọ́n ní kí n kó sílẹ̀ fún wọn, mo sì wọ mọ́tò kúrò n'Ífẹ̀, ó di Abẹ́òkúta nílé wa. Àtìgbà yẹn, oorun niṣẹ́ mi. Màámi á lọ sí ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wọn n'Ítòkú láàárọ̀, wọ́n á dé nírọ̀lẹ́ bá mi lórí àga tí wọ́n fi mí sí, wọ́n á ní "Ọ̀gbẹ́ni másítà, ṣé o tiẹ̀ ti wẹ̀?" Mi ò tíì fọwọ́ kan dùrù. Ayò ni mò ń ta pẹ̀lú bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé wa, wọ́n sì ń fi ayò yẹn jẹ mí níyà dáadáa. Téèyàn bá ti ń kọ orin fún ìgbìmọ̀ tó máa ṣí ojú ìwé kan bi ẹ́ pé kí ni kọ́ọ̀dù yìí wá ṣe níbí, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí etí tó sinmi. Tí ọlọ́kadà bá fun fèrè níta báyìí, nóòtì B-flat ni mo ṣì ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti dé. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa dì mọ́ mi, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé "Àbí orin náà ni wọ́n tún ń gba másítà lé lórí?" Inú ò bí mi o, èmi náà ń bi ara mi ni, pé nínú iṣẹ́ orin kíkọ yìí, kí lèèyàn máa rí tó fi máa mọ̀ pé òun ti rọ́wọ́ mú?

Ẹ wo àwọn tó ṣáájú wa. Fẹlá Ṣówándé (kì í ṣe Fẹlá tí ẹ ń rò o), tí wọ́n bí lọ́dún 1905, tó kọ African Suite ní 1944, jáàsì ló ń lù káàkiri London, ó tún ń lu dùrù fáwọn Mẹ́tọ́díìsì níbẹ̀, nígbà tó yá ó di tíṣà ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà, Ohio ló kú sí ní 1987. Ayọ̀ Bánkọ́lé lọ sí Cambridge, ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní NBC, rédíò ìjọba Nàìjíríà nígbà yẹn, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní UNILAG, wọ́n sì pa á ní 1976, ẹni ọdún 41 péré. Akin Euba náà ṣe NBC kó tó di prọfẹ́sọ̀ tó dé Pittsburgh. Kánọ́ọ̀nù Josiah Ransome-Kuti tiwa n'Abẹ́òkúta níbí, bàbá bàbá Fẹlá tí ẹ ń rò yẹn gan-an, tí wọ́n gba ohùn ẹ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922, iṣẹ́ àlùfáà ló ń ṣe. Kò séyìí tó fi orin kíkọ nìkan jẹun nínú wọn. Ìgbà tí mo rò ó débẹ̀ lọ́kàn mi wálẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí. Mo mú apá kan nínú iṣẹ́ tí mo fi gba másítà lọ fún kuáyà wa. Stáàfù ni, ìyẹn orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa lórí MuseScore, áàpù tí wọ́n fi ń tẹ orin (Finale ni wọ́n fi kọ́ wa, àwọn tó ṣe é bá kéde ní oṣù kẹjọ 2024 pé àwọn ò ṣe é mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni MuseScore). Kuáyàmásítà wa, télọ̀ ni wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n gbà á, wọ́n ṣí i, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n ní "Prọ́ọ̀fù, sòfà ẹ̀ dà?"

Bí mo ṣe jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ nìyẹn, tí mò ń kọ sòfà, ìyẹn lẹ́tà d, m, s (dò, mí, sò), pẹ̀lú kólọ́ọ̀nù àti dáàṣì fún tírébù, álítò, tẹ́nọ̀, báàsì. Iṣẹ́ ńlá ni o! Nínú sòfà, ibikíbi tí orin bá ti kúrò ní kíì kan (ibi tí dò ẹ̀ wà) bọ́ sí òmíì, èèyàn ní láti kọ lẹ́tà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ńlá kí akọrin lè mọ̀ pé s àná ti di d òní, orin tèmi sì ń ṣí kiri bí ayálégbé. Wàhálà kejì ni ohùn ọ̀rọ̀. Tírébù ń tẹ̀lé bá a ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́nọ̀ tí mo ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí tírébù ń gòkè, bí òfin kántápọ́ìǹtì, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń hun ohùn pọ̀, ṣe wí, ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹnu wọn ti dohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo kúkú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tẹ́nọ̀, mo ní kí wọ́n máa kọ "àá" nìṣó, ó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí MUSON, ẹgbẹ́ olórin ńlá l'Ékòó, bá pè mí lọ́la màá sáré lọ, ẹ má tàn ara yín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wù mí jù ni pé kí kuáyà kan n'Ílarò tàbí Ìmẹ̀kọ tí mi ò mọ̀ rí mú orin mi fúnra wọn, lórí fótókópì tó ti ń pòórá, tí wọ́n ti gé orúkọ mi kúrò lókè ẹ̀. Fótókópì ò sanwó fún èèyàn ṣá, èmi náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá iṣẹ́ tíṣà orin ní sẹ́kọ́ńdírì, màá máa lu dùrù lọ́jọ́ Sunday, fọ́ọ̀mù PhD òkè òkun á dúró dìgbà tọ́yẹ́ bá dé.

Ẹ̀yin kuáyàmásítà tó ń kà mí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ áńtéèmù ìkórè, ẹ pè mí láti oṣù kẹjọ, kì í ṣe Tuesday ọ̀sẹ̀ ìkórè. Ìdajì owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san. Sòfà wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá lè ka stáàfù, mo fi ṣe èènì fún un.