Ẹni Tó Mú Ìwé Orúkọ Dání Kì Í Pẹ́ Dé

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ wa. Iṣẹ́ náà kò le rárá. Lọ́jọ́ ìdánrawò orin, màá ṣí ìwé orúkọ, màá fi bírò dúdú kọ orúkọ ẹni tó tètè dé, màá sì fi pupa kọ ti ẹni tó pẹ́. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí kò bá tíì wọlé nígbà tí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ bá parí, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan kò ní bá wa kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa lo bírò pupa. Èmi ni mo fi owó ara mi rà á.

Arákùnrin kan wà láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ bírò pupa mi tán. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí pé ó pẹ́, a ó tún dárúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó ṣe, mo ka orúkọ rẹ̀ síta nínú ìpàdé ẹgbẹ́, n kò sì fi mọ síbẹ̀. Mo bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá ó lè máa wọ́lẹ̀ wá báyìí bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ń dúró dè é. Mo fa ẹsẹ Bíbélì yọ lórí àwọn tó ń fi ìmẹ́lẹ́ ṣe iṣẹ́ Olúwa. Ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Ó dorí kodò, ó ní, "Ẹ má bínú," ó sì jókòó. Mo padà sílé bí ẹni tó ti bá Ọlọ́run ja ìjà kan ní àjàṣẹ́gun.

Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló ń dùn mí jù tí mo bá rántí: mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Tí àwa mẹ́ta tí a máa ń gbàdúrà pọ̀ bá ti péjọ, màá ní, "Ẹ jẹ́ ká rántí arákùnrin wa o, ọwọ́ rẹ̀ ti ń tutù nínú iṣẹ́ Ọlọ́run." Wọn á béèrè pé kí ló ṣe é, èmi náà á sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A lè lo ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ká wá gbàdúrà ìṣẹ́jú méjì. Bó bá jẹ́ ojúde ni mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ni ìbá mọ̀ pé òfófó ni. Nítorí pé a di ojú lẹ́yìn rẹ̀, a ń pè é ní ẹ̀bẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ara mi kò yá, n kò lè lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n gbé ìwé fún. Nígbà tí ara mi yá, mo wá ní àsìkò tí mo máa ń wá, mo kí gbogbo ilé, mo sì na ọwọ́ sí ìwé mi. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, orúkọ mi ni mo rí, pẹ̀lú bírò pupa.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣe àṣìṣe ni. Mo rọra bi í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó wọlé." Mo ní àsìkò tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí náà mà nìyí. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí ẹ bá dé la máa ń ṣí ìwé."

Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn rẹ̀. Ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n mo jókòó, n kò lè kọ orin kankan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ọdún mẹ́rin, n kò pẹ́ rí. Ìdí tí n kò fi pẹ́ rí ni pé ìwé kì í ṣí kí n tó dé. Ẹni tó bá ṣáájú mi wọlé, ó tètè dé. Ẹni tó bá tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó pẹ́. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tí òfin sọ, n kì í bá wọn ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Mo kàn gbà lọ́kàn mi pé nǹkan kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi nígbà tí akọ̀wé kò bá tíì jókòó. Ara mi ni mo fi ṣe aago. N kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ká ní purọ́ ni mo purọ́ ni, ǹ bá ti mọ̀.

Mo ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn, kí n wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò sí níbẹ̀. Mo ń wá nǹkan, ẹ sì mọ ohun tí mo ń wá: orúkọ arákùnrin yẹn. Ó pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Ara tù mí díẹ̀. Ìtura yẹn gan-an ló wá bà mí lẹ́rù, nítorí ó fi ohun tó wà nínú mi hàn mí ju bírò pupa lọ.

Mo mọ Mátíù orí keje sórí láti kékeré, pàápàá ọ̀rọ̀ ẹ̀rún igi àti ìtì igi. Mo tún un kà lóru ọjọ́ náà. Àwọn ará ìlú Jésù pè é ní gbẹ́nàgbẹ́nà nínú Máàkù 6:3, ó sì dà bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà ni àpèjúwe yìí ti wá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún ìtì igi níbẹ̀, dokos, igi ńlá tí wọ́n fi ń gbé òrùlé ró ni. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin kan gbé igi òrùlé sójú, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun bá a yọ ìdọ̀tí ojú rẹ̀. Kó tó sún mọ́ ọn, igi á ti gbá a lórí. Mo rò pé àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe ti ara mi.

Ohun tí n kò fiyè sí tẹ́lẹ̀ ni pé Jésù kò sọ pé kò sí ẹ̀rún igi. Ó wà lójú arákùnrin náà lóòótọ́, ó sì yẹ kó kúrò. Ẹsẹ karùn-ún sọ pé tí mo bá yọ ti ojú mi tán, nígbà náà ni màá ríran kedere láti yọ tirẹ̀. Àwọn tó máa ń sáré fi "Ẹ má ṣe dá ni lẹ́jọ́" di ẹnu ẹni tó bá bá wọn wí kì í sábà ka ibẹ̀ dé ẹsẹ karùn-ún. Jésù kan náà ló ní kí a ṣe ìdájọ́ òdodo, kí a má ṣe é nípa ohun tí ojú rí, nínú Jòhánù 7:24. Bẹ́ẹ̀ ni arákùnrin yìí kò ní àwáwí ńlá kan tó yọjú lẹ́yìn náà láti dá a láre. Kò ní ìyá tó ń ṣàìsàn tó ń tọ́jú ní ìkọ̀kọ̀. Ó kàn máa ń pẹ́ ni. Ẹjọ́ tí mo dá tọ̀nà, èmi tí mo jókòó sórí àga ìdájọ́ ni kò tọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìtàn Júdà àti Támárì nínú Jẹ́nẹ́sísì 38 wá yé mi. Ọ̀rọ̀ Dáfídì ọba àti wòlíì Nátánì tó fi àkàwé mú un dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ ni a máa ń gbọ́ jù lórí pẹpẹ, ti Júdà sì sún mọ́ mi ju ìyẹn lọ. Wọ́n wá sọ fún Júdà pé Támárì, opó ọmọ rẹ̀, lóyún àgbèrè. Kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n mú un jáde, kí wọ́n dáná sun ún. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Júdà kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan tán. Obìnrin náà kò pariwo. Ó fi èdìdì, okùn àti ọ̀pá ránṣẹ́ sí i pé ẹni tó ni nǹkan wọ̀nyí ló fún òun lóyún. Ti Júdà fúnra rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Gbólóhùn tí Júdà sọ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ó ní Támárì ṣe òdodo ju òun lọ, nítorí pé òun kò fi í fún Ṣélà ọmọ òun bí òun ti ṣèlérí. Kò sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wa, kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Ó dárúkọ ohun tó ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí "gbogbo wa la jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀" tí a máa ń sọ. Òótọ́ ni o, àmọ́ ibi ìfarapamọ́ tó dára ni pẹ̀lú, torí pé ẹni tó bá sọ ọ́ kò tíì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní báyìí, tí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá ti ń yún mi lẹ́nu, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ìgbà wo ni èmi ṣe irú èyí gan-an gbẹ̀yìn? Mo fẹ́ ọjọ́, mo fẹ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí n kò bá rí i lẹ́ẹ̀kan náà, mo máa ń bi ẹni tó ń bá mi gbé, torí ojú tó ń wo gbogbo ayé kò lè wo ìpéǹpéjú ara rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, wọ́n máa ń rántí dáadáa.

Mo lọ bá arákùnrin náà nílé rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Kí n tó dé ìdajì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀." Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Ó ní, "Ta ni màá sọ ọ́ fún? Ọwọ́ yín ni ìwé wà." Ó wá sọ ohun kan tí n kò rántí títí di òní. Ó ní ọjọ́ kan wà tí àwa méjèèjì jọ dé ẹnu ọ̀nà, òun di ilẹ̀kùn mú fún mi pé kí n kọ́kọ́ wọlé. Mo wọlé, mo jókòó, mo ṣí ìwé, mo sì fi pupa kọ ọ́.

Nítorí pé gbangba ni mo ti dójú tì í, gbangba ni mo ti tọrọ àforíjì, nínú ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Kò rọrùn, kò sì gùn. Ó ṣì máa ń pẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a lè jọ sọ ọ́ báyìí, kí òun náà sì bi mí bí tèmi ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò nínú Gálátíà 6:1, níbi tó ti ní kí a mú ẹni tó ṣubú bọ̀ sípò, òun náà ni Máàkù 1:19 lò fún Jákọ́bù àti Jòhánù tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe kì í dúró lókèèrè nàka sí ihò. Ó ní láti gbé e lé itan. N kò gbé arákùnrin yẹn lé itan rí nínú gbogbo ọdún mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹnìkan má baà fi ọ̀rọ̀ mi bo ibi mọ́lẹ̀: bí ẹnìkan bá ń ṣe ọmọdé tàbí aláìlágbára níbi, ẹ pariwo. Kò di ìgbà tí ẹ bá pé kí ẹ tó gba ẹni tó ń rì là. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a fi ń ṣe ògo lórí ara wa ni mo ń sọ.

N kò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí ìjọ mìíràn, mo rí akọ̀wé wọn tó ń jágbe mọ́ ẹnìkan nítorí pé ó pẹ́. Mo mi orí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé n kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé kí n tó mọ àdúrà ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Farisí tó gbà á ṣáájú mi nínú Lúùkù 18, tó ń dúpẹ́ pé òun kò rí bí àwọn yòókù, ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ gba ìyẹn.

Ọmọbìnrin yẹn ni ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé e fún mi mọ́. Lọ́jọ́ ìdánrawò tó kọjá, mo sáré wọlé, mo ń mí gúle-gúle. Ó gbé bírò sókè, ó wo aago ara ògiri, ó tún wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ó ku ìṣẹ́jú méjì."