Ọdún Àkọ́kọ́ Nínú NBA: Ohun Tó Ń Gé Iṣẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Kúrú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú iṣan àti eegun àwọn tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin àbúrò tó ń múra àtiwọ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá ti Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin òbí wọn. Kì í ṣe kí sáà kan lọ lásán ló ń ba iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù jẹ́. Ibi tí ìpalára ti ṣẹlẹ̀ nínú ara, àti ìkánjú padà sórí pápá kí ibẹ̀ tó jinná, àwọn méjì yìí ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ wo àwọn tí ọdún àkọ́kọ́ wọn lọ pátápátá. Blake Griffin ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2009, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn ọmọ tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ orúnkún òsì rẹ̀ là kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó sinmi, kò jinná, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù kìíní 2010, kò sì fẹsẹ̀ kan pápá títí sáà yẹn fi parí. Nígbà tó dé, gbogbo eré 82 ló gbá, òun ló sì gba oyè ọmọ tuntun tó peregedé jù. Eegun ẹsẹ̀ Ben Simmons dá ní 2016; òun náà gba oyè yẹn ní 2018. Chet Holmgren fara pa ní agbedeméjì ẹsẹ̀ ọ̀tún ní Seattle ní 2022, nínú eré ìgbà ìsinmi kan. Sáà tó tẹ̀ lé e tó padà, 82 ló gbá. Joel Embiid lo sáà méjì gbáko láìgbá eré kan nítorí navicular, eegun kékeré kan ní àárín ẹsẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní 2023. Orúnkún òsì ló padà wá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ẹsẹ̀ yẹn.

Greg Oden ńkọ́? Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2007. Kerekere orúnkún ọ̀tún ni tirẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní microfracture ni wọ́n ṣe: dókítà á lu ihò wẹ́wẹ́ sára eegun kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde síbẹ̀ kó sì di nǹkan bíi kerekere tuntun. Ohun tó ń hù níbẹ̀ kì í lágbára tó ti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ orúnkún òsì tún dá. Eré 82 péré ló gbá fún Portland láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó gbá 23 fún Miami, iṣẹ́ parí. Eegun tó bá rí àyè tó yóò so padà. Kerekere tó bá ti jẹ kì í padà bó ṣe wà.

Kàlẹ́ńdà ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni ìṣòro kìíní. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ eré ní oṣù kọkànlá, ó gbá bí ọgbọ̀n eré, ogójì ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ NBA kan dé òmíràn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù karùn-ún, ìdánwò tí NBA ń ṣe ní Chicago fún àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn; oṣù kẹfà, ọjọ́ ìyàn; oṣù keje, Summer League, ìdíje ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn ọmọ tuntun, ní Las Vegas; ìparí oṣù kẹsàn-án, àgọ́ ìgbaradì; lẹ́yìn náà ni eré 82, ìṣẹ́jú 48 ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú lóru. Oṣù kan péré, kò fi sinmi fífò. Nítorí náà, kí aṣojú yín dín iye ẹgbẹ́ tí ẹ ń lọ bá kù, kí ẹ sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn Summer League láìfò rárá: ẹ wẹ odò, ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ gbé irin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ fi iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi ṣiṣẹ́ sọ bó ṣe le tó, láti 1 dé 10, di púpọ̀. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tó le dé 7 jẹ́ 630. Ẹ ro ti ọ̀sẹ̀ pọ̀. Èmi kì í fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ga ju ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú. Bí ìyẹn bá jẹ́ 2,400, kí tuntun má kọjá 3,000. Ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì gan-an ń pa àwọn ọmọ tuntun lára. Ọmọ tó ń gbá ìṣẹ́jú márùn-ún nínú eré kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹnì kan farapa, tí kóòṣì wá fún un ní ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ yẹn mọ́. Tí kóòṣì kò bá fi yín sínú eré lónìí, ẹ sáré kí ẹ sì fò fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn eré.

Ẹsẹ̀ wá kàn. Navicular àti eegun karùn-ún tó lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kékeré jẹ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó jinná. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀, láàárín ọrùn ẹsẹ̀ àti ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Tó bá ń dùn yín lójú kan ṣoṣo tí ìka kan lè bò, tó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń fò, ẹ dáwọ́ fífò dúró lọ́jọ́ náà. X-ray lè má rí i. Ẹ ní kí wọ́n ṣe MRI tàbí CT, àwọn fọ́tò inú ara tó ń rí ju X-ray lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ìdè irin sí i, ìrora tó lọ kì í ṣe ẹ̀rí. CT tó fi hàn pé eegun ti so ni ẹ̀rí.

Ìrora ìsàlẹ̀ ọmọ orúnkún, èyí tó ń fara hàn láàárọ̀ bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, iṣan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń na orúnkún, ẹ gbé ẹrù tó wúwo, kí ẹ dúró gbagidi pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 45, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn. Tí ìrora bá rọlẹ̀, ẹ bọ́ sórí gbígbé irin díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ sókè, mẹ́ta bọ̀ nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìrora tí kò ju 3 nínú 10 lọ, tó sì lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò burú. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí wọ́n pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kẹta nítorí pé ara ti yá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sínú iṣan yẹn kí ẹ lè gbá eré alẹ́. Ó ń sọ iṣan di aláìlágbára.

Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń rọ́ jù lọ. Kí ẹ tó padà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé gìgísẹ̀ sókè ní ìgbà 25 láìdúró, kí ẹ sì máa lo ìdè ọrùn ẹsẹ̀ títí sáà á fi parí. Tó bá jẹ́ ACL, okùn tó di àárín orúnkún mú, ló já, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dá yín padà kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tètè fi ọmọ sí básíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Ìwádìí kan lórí àwọn tí ẹgbẹ́ NBA yàn ní ìpele kìíní ọjọ́ ìyàn láti 2008 dé 2015 rí i pé 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe ju eré ìdárayá kan lọ nílé ìwé girama ló ní ìpalára ńlá; àwọn tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì nìkan, 43. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball kó tó dé ìdí básíkẹ́ẹ̀tì. Eré 82 ló gbá lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì lo sáà 18.

Owó ló ń mú àwọn ọmọ fi ìrora pamọ́. Owó ọdún méjì àkọ́kọ́ ẹni tí wọ́n yàn ní ìpele kìíní dájú; ọdún kẹta wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ń ba ọmọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú líìgì fún yín láyè láti lọ bá dókítà mìíràn, ẹ lò ó. Ẹ má gun alùpùpù: Jay Williams ti Chicago gùn ún ní oṣù kẹfà 2003, lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo, ó ní jàǹbá, kò sì gbá eré NBA mọ́. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo fọ́tò eegun yín, láti ọjọ́ ìdánwò ní Chicago, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ ara yín. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá tà yín sí ìlú mìíràn, dókítà tuntun á nílò èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ kó tó lè mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là.