Ṣọ́kù tí mo yàn ní Kábbà

Lánàá ní Kábbà, ọmọkùnrin tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fi sípíríǹgì kúkúrú tí í mú ọkọ̀ rẹlẹ̀ lọ̀ mí. Mo ní, “Àbúrò, ọ̀nà Mọ̀pà sí Ẹgbẹ̀ ni mò ń rìn o, ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ á máa ha ilẹ̀ níbẹ̀.” Ṣọ́kù, ohun tí í dín ìfò ọkọ̀ kù, tòkunbọ̀ méjì tí gíga wọn bá ti àtilẹ̀wá mu ni mo gbé: mo ti ọ̀pá wọn wọlé, ó ń padà jáde díẹ̀díẹ̀, mo sì fi ìka nu ìdí ọ̀pá náà wò bóyá epo ń jò, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni. Méjèèjì iwájú la pààrọ̀ pọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà le ju èkejì lọ. Sàlẹ́ńsà (páìpù èéfín ọkọ̀) aláriwo tí ọmọkùnrin náà tún gbé jáde, n kò tilẹ̀ bèèrè iye rẹ̀; èyí tí kì í pariwo ni mo ní kí ajórin jó mọ́ ọkọ̀ mi.