Orí Ń Fọ́ Ọmọọṣẹ́ Mi, Kò sì Lè Sọ fún Mi

Ọjọ́ méjì ló kù kí a ṣe Iléyá, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Aṣọ ẹbí tí a kò tíì rán tán lé ní ogójì, wọ́n sì ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Òjò ń rọ̀ ní Òṣogbo lálẹ́ ọjọ́ náà, ni mo bá ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá sábẹ́ òrùlé, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. A ti gbogbo fèrèsé kí òjò má baà ta sára léèsì oníléèsì.

Ọmọọṣẹ́ mẹ́rin ló wà pẹ̀lú mi. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, èyí tó kéré jù nínú wọn gbé orí lé máṣíìnì. Mo pariwo mọ́ ọn pé ṣé oorun ló wá sùn ni. Ó gbérí, ó ń ránṣọ lọ. Kò pẹ́ ló ré bọ́ láti orí àga. Ìgbà tí mo dìde láti gbé e ni mo tó mọ̀ pé òòyì ń kọ́ èmi náà. A wọ́ ọ jáde sínú òjò, a gbé e dé ọsibítù, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Ọlọ́run yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní orí ti ń fọ́ òun láti aago mẹ́sàn-án, èébì sì ń gbé òun. “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kí Iléyá tó dé, kó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.” Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Mo bi àwọn mẹ́ta yòókù: orí ń fọ́ gbogbo wọn, kálukú sì panu mọ́.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí à ń fojú rí nìkan kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò ní òórùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, á sì gba ibi tí ọ́síjìn yẹ kó wà. Ẹni tó bá mú ú á rò pé iṣẹ́ àṣejù ló fa ẹ̀fọ́rí òun. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jáde síta ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, èédú náà ń tú gáàsì yìí jáde.

Ní báyìí, ọ̀ọ́kán ni jẹnẹrétọ̀ wa ń gbé, ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Mo ra wáyà gígùn, wẹ́dà sì ṣe òrùlé kékeré sí i tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wáyà gígùn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹnu mi. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà níṣẹ́: ọ̀gá mi a máa fi ẹ̀yìn sísọ́ọ̀sì gbá wa lórí, a máa bú ìyá tó bí wa níwájú kọ́sítọ́mà, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ lọmọ ṣe ń gbọ́n. Ohun tí irú ẹ̀kọ́ yẹn ń kọ́ ọmọ ni kó máa fi nǹkan pamọ́. Ọmọ tí ẹ gbá létí nítorí pé ó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ, lọ́jọ́ tí wáyà bá bó, aṣọ ni yóò fi bò ó.

Mo wá sọ fún wọn pé ẹni tó bá ba aṣọ jẹ́, tó sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà, kò ní san kọ́bọ̀; èmi ni n ó kojú kọ́sítọ́mà. Mo ti san owó léèsì lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí, mo sì san án.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ohun tí mi ò lérò. Kọ́sítọ́mà ọkùnrin kan máa ń dúró de ìgbà tí mi ò sí nílé, kí àwọn ọmọbìnrin yìí wá wọn òun, á sì máa fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Mo dá aṣọ rẹ̀ padà fún un láìrán, mo dá owó rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dá wọn ọkùnrin ní yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, òfin pàápàá kò yọ ọmọọṣẹ́ sílẹ̀. Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó ìrànwọ́ fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì mẹ́nu ba ìpalára ọkàn tí iṣẹ́ bá fà. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló ń bójú tó o. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ọ̀gá ń san ni yóò máa dá síbẹ̀. Èmi náà kò bìkítà nípa rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi délé mi.

Ọmọ tó dákú lọ́jọ́sí ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níwájú kọ́sítọ́mà, ó ní, “Àǹtí, wáyà áyọ́ọ̀nù yìí ń rùn.” Mo yọ ọ́ kúrò lára iná. Inú rẹ̀ ti jó dúdú. Màmá tó ń dúró gba bùbá rẹ̀ fajú ro pé a kò tíì lọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá lọ́la.