Ẹ Má Dúró Kí Ọkàn Balẹ̀ Tán Kẹ́ Ẹ Tó Tọ́jú Oorun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, tójú yín ṣì ń là kedere lóru, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́jú oorun. Ọ̀kan lè sàn kí èkejì má gbọ́.

Ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Prolonged Exposure ni wọ́n fi tọ́jú PTSD mi, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí ohun ẹ̀rù téèyàn là kọjá máa ń dá síni lára. Wọ́n á ní kéèyàn dijú, kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa tẹ́tí sí i nílé. Ó nira, àmọ́ ó ràn mí lọ́wọ́: táyà lè bẹ́ lójú títì báyìí kí n má dọ̀bálẹ̀. Oorun ni ò padà. Màá dìde, màá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, màá yọjú lójú fèrèsé, màá tún lọ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ kan náà. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tẹ́nì kan ò rán mi! Ìyàwó mi kì í fọwọ́ kàn mí tí mo bá sùn, ẹnu ilẹ̀kùn ló ti ń pè mí: “Bàbá wọn, ẹ dìde.”

CBT-I, ìyẹn ìtọ́jú àìróorunsùn tó ń yí ìṣe àti èrò èèyàn nípa oorun padà, ló bá oorun gan-an wí. Aago kan náà lèèyàn á máa jí, ì báà sùn, ì báà má sùn. Bí oorun ò bá dé láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì títí ojú á fi wúwo. Wọ́n tún máa ń dín àkókò téèyàn ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì kù. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń tánni lókun, ẹ má wa mọ́tò ọ̀nà jíjìn nígbà yẹn. Àṣẹ ni gbogbo ẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi bá èmi lára mu.

Ní ti àlá burúkú, ojúmọmọ ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n yí i padà bó ṣe wù mí, kí n máa fojú inú wo tuntun náà lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó há pa nínú àlá mi, mo kọ ọ́ pé ó ṣí, gbogbo wa sì jáde. Díẹ̀díẹ̀ ló rọlẹ̀. Àwọn kan ń lo prazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2018 lórí àwọn ológun tẹ́lẹ̀rí, kò ṣe ju oògùn àfiṣàfiwé tí kò ní èròjà ìwòsàn kankan nínú lọ, síbẹ̀ ó ń bá àwọn kan ṣe é. Ọtí ní tiẹ̀, ó máa ń kunni lóorun, ó sì tún máa ń jíni láàárín òru.

Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn bóyá ẹ̀ ń hanrun, tí èémí yín sì ń dá dúró. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó kọ oògùn oorun kankan fún yín, torí àwọn kan wà tó ń mú un burú sí i.